Adelé Tí A Fi Sí Yàrá Káàdì

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìsọlọ̀ kí n tó bọ́ sí ọsibítù àwọn aboyún kan ní àdúgbò Àgọ́ Palace. Kò sí irú ìwé tí n kò tẹ̀ rí: ìwé ìwáṣẹ́, àdéhùn ilé, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ètò ìsìnkú. Bí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù náà bá dákú, èmi náà ni mo máa ń tú u, tí n ó fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, tí n ó sì máa bẹ̀ ẹ́ títí yóò fi jí. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ títẹ ìwé ni ọsibítù tìtorí rẹ̀ gbà mí, ṣùgbọ́n kò pé ọdún méjì tí gbogbo ohun tó bá ti ní wáyà nídìí fi di tèmi. Àwọn nọ́ọ̀sì á yọjú lójú fèrèsé, wọ́n á ní, Ìyá Ìbejì, ẹ̀rọ wa tún ti ń ṣe bákan o. Mo ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà, inú mi sì máa ń dùn pé mo ṣì ń kọ́ nǹkan tuntun.

Ẹ̀rọ kan wà tó ju gbogbo ìyókù lọ. Sáfà là ń pè é. Àpótí dúdú kan báyìí ni, lábẹ́ tábìlì, nínú yàrá tóóró kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Inú rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ gbogbo obìnrin tó ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ wa wà: ọjọ́ tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró, irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní, bí ìfúnpá wọn ṣe rí, oyún mélòó ni wọ́n ti ní, ọmọ mélòó ló wà láyé. Àwọn kọ̀ǹpútà tó wà níwájú àwọn nọ́ọ̀sì kò tọ́jú nǹkan kan fúnra wọn; ọ̀dọ̀ sáfà ni wọ́n ti ń mú gbogbo ohun tí wọ́n ń kà. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń ṣe ẹ̀dà ohun inú rẹ̀ sínú àpótí kékeré kan tí mo ń gbé sínú báàgì mi, bóyá nǹkan lè ṣẹlẹ̀.

Nǹkan sì ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, tó jẹ́ ọjọ́ tí àwọn aboyún ń wá, sáfà kọ̀, kò tàn. Iná wà, wáyà wà nídìí rẹ̀. Mo yọ ọ́, mo tún un kì bọ ihò, mo tú ìdérí rẹ̀, mo fẹ́ ẹ lẹ́nu. Kò dáhùn. Mo ní kò burú, ẹ̀dà ọjọ́ Ẹtì wà nínú báàgì mi. Mo so àpótí kékeré náà mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, mo ṣí i, mo wá ibi tí àkọsílẹ̀ ti dúró. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àpótí náà ti kún láti ìgbà yẹn. Ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta ni mo ti tẹ bọ́tìnnì, tí mo pa iná, tí mo gba ilé lọ, tí n kò wò ó bóyá nǹkan kan tiẹ̀ wọlé.

Àwọn obìnrin ti kún orí bẹ́ǹṣì. Mètírọ̀n ní kí àwọn nọ́ọ̀sì mú bébà, kí wọ́n máa bi olúkúlùkù ní ìbéèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì wọn ni mo dúró sí, sukudiráfà lọ́wọ́ mi, nígbà tó kan obìnrin kan tó wọ aṣọ àwọ̀ ewé. Nọ́ọ̀sì ní láti gbé ohùn sókè nítorí ariwo fáànù. Ó béèrè pé oyún mélòó ló ti ní. Obìnrin náà ní mẹ́ta, pẹ̀lú èyí tó wà nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì béèrè pé ọmọ mélòó ló wà láyé. Obìnrin náà wo àwọn tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó tún wo nọ́ọ̀sì.

"Mo ti sọ ọ́ fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Inú yàrá ni mo ti sọ ọ́. Ẹ tìlẹ̀kùn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú mi."

Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́. Ó sì tún un sọ, níbẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn: kò sí ọ̀kankan láyé nínú àwọn méjèèjì, oyún èkejì ti pé oṣù mẹ́jọ kó tó wálẹ̀. Ó fi etí gèlè nu ojú, ó gba bébà rẹ̀, ó lọ jókòó. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn ká ní ó bú mi.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe pààrọ̀ ohun kan nínú sáfà, ó jí, ohun inú rẹ̀ kò sì sọnù. Gbogbo wa dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ohunkóhun. Wọ́n ti gbà pé iná ló fà á. Mo lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà, ni mo bá dìde, mo lọ bá Mètírọ̀n nínú ọ́fíìsì wọn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọn kò sì ní pẹ́ fẹ̀yìn tì mọ́. Ènìyàn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni wọ́n, wọ́n sì ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà wo ènìyàn títí yóò fi sọ ohun tó kù nínú rẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn: ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta, àpótí tó kún, èmi tí n kò wò ó. Wọ́n béèrè ohun tí a lè ṣe tí irú rẹ̀ kò fi ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo ní sáfà kejì ni, tí yóò máa dúró de ti àkọ́kọ́.

"Lọ wádìí ẹ̀ dáadáa," ni wọ́n wí. "Má wá sọ fún mi pé ó ti parí àfi tó bá ti parí."

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Òṣòdì tó máa ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe nígbà tí mo ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́rin ni mo fi lọ jókòó tì wọ́n. Wọ́n ṣe sùúrù fún mi. Wọ́n ní ẹ̀dà tí mo ń ṣe ní ọjọ́ Ẹtì dà bí fọ́tò. Ó ń sọ bí nǹkan ṣe rí lọ́jọ́ tí a yà á ni. Sáfà tó ń dúró deni yàtọ̀. Gbogbo ohun tí ti àkọ́kọ́ bá ṣe ló máa ń kọ sínú ìwé ìṣe ojúmọ́ tirẹ̀. Ti kejì á máa ka ìwé náà bó ṣe ń jáde, á sì máa ṣe ohun kan náà láì dúró. Bí ti àkọ́kọ́ bá ṣubú, ti kejì ti mọ ohun gbogbo tó mọ̀. Mo béèrè pé ṣé kí n wá fi ẹ̀dà ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní rárá o, nítorí bí nọ́ọ̀sì kan bá fi àṣìṣe pa orúkọ kan rẹ́ lára ti àkọ́kọ́, kíá ni ti kejì náà á pa á rẹ́. Kí n máa ṣe méjèèjì, kí n sì máa wo èyí tí mo bá ṣe.

Ìkìlọ̀ kan tún wà tí wọ́n sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa gba àkọsílẹ̀ tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àwọn nọ́ọ̀sì kan bá ń kọ sínú eléyìí, tí àwọn mìíràn ń kọ sínú tọ̀hún, kò sẹ́ni tí yóò lè to àkọsílẹ̀ náà pọ̀ mọ́.

A gba sáfà kejì. Ó wá ku ibi tí a ó gbé e sí. Bí mo bá gbé e sínú yàrá tóóró yẹn pẹ̀lú èkínní, omi kan náà tàbí iná kan náà ló máa ba àwọn méjèèjì jẹ́. Yàrá kan ṣoṣo tó ṣófo díẹ̀ ni yàrá káàdì, lódìkejì àgbàlá. Bàbá kan ló wà níbẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn, tó ti ń tọ́jú káàdì kí kọ̀ǹpútà tó dé. Àwọn káàdì àtijọ́ ṣì wà lórí àwọn pákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, Bàbá sì ń gbọn eruku wọn láràárọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí láti lọ bá wọn, torí mo mọ̀ pé nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ìdajì iṣẹ́ wọn ló gbà lọ́wọ́ wọn.

Mo kí wọn, mo jókòó. Wọ́n béèrè pé kí ni ẹ̀rọ náà ń ṣe. Mo ní kì í ṣe nǹkan kan, ó kàn ń tẹ̀lé èkínní ni, títí di ọjọ́ tí èkínní kò bá lè ṣiṣẹ́. Wọ́n béèrè pé lọ́jọ́ náà ńkọ́. Mo ní lọ́jọ́ náà, òun ni yóò dìde ṣe é. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Adelé lẹ̀ ń sọ yẹn," ni wọ́n wí. Wọ́n máa ń fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n bí irú mi lọ́mọ. "Èyí tó ń bá ọba délé. Ẹ gbé e wá."

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ yẹn ti mọ́ ọn lára. Ilẹ̀ ni mo fẹ́ gbé e sí, Bàbá kọ̀. Wọ́n ní omi máa ń wọ yàrá náà lọ́dọọdún bí òjò bá ti pọ̀. Wọ́n kó káàdì kúrò lórí pákó àárín, èyí tó jìnnà sí fèrèsé, wọ́n nù ún, wọ́n sì bá mi gbé Adelé sórí rẹ̀. Nígbà tí mo ń fa wáyà kọjá lókè àjà, wọ́n sọ fún mi pé nígbà tiwọn, káàdì méjì ni wọ́n máa ń kọ fún aboyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lọ́dọ̀ wọn, torí pé àwọn obìnrin mìíràn á gbé tiwọn sọnù, eku á sì jẹ òmíràn níbí. Mo tẹ́tí sí wọn. Wọ́n mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe dáadáa ju bí mo ṣe rò lọ.

Dída ohun inú èkínní kọ sínú Adelé gba odindi ọjọ́ kan, torí pé iná lọ láàárín, mo sì ní láti bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó parí. Mo lọ sí yàrá tóóró, mo kọ orúkọ obìnrin kan tí kò sí níbì kankan sínú sáfà, mo sáré la àgbàlá kọjá. Bàbá ti ń wò ó. Orúkọ náà ti wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ kọ òmíràn. Mo lọ kọ ọ́. Ìgbà tí mo dé, wọ́n ti kà á sókè fún mi kí n tó wọlé. A ṣe é bí ìgbà mẹ́fà, bí ọmọdé, kí n tó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo lọ sọ fún Mètírọ̀n pé ó ti parí. Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń woni.

"Ṣé o ti yọ ti àkọ́kọ́ rí?"

Mo ní rárá. Mo ní ẹ̀rọ náà ń tẹ̀lé e dáadáa, mo ti rí i.

"Ó dáa. Yọ ọ́ lónìí, kí n jókòó tì ọ́."

Ọjọ́bọ̀ ni, ọ̀sán, àwọn aboyún díẹ̀ tó wá ti lọ. Wọ́n wá jókòó sórí àga níwájú kọ̀ǹpútà àwọn nọ́ọ̀sì. Mo lọ pa sáfà, mo yọ wáyà rẹ̀, mo lọ sí yàrá káàdì, mo tẹ àṣẹ tó ní kí Adelé gba ipò. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ Mètírọ̀n, kọ̀ǹpútà tó wà níwájú wọn kò rí nǹkan kan. Ibi tí sáfà àkọ́kọ́ wà nìkan ló mọ̀, ibẹ̀ ló sì ń kànkùn. Mo fi ọwọ́ ara mi júwe ọ̀nà Adelé fún un, ó ṣí, a sì rí i pé àkọsílẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló gbẹ̀yìn níbẹ̀. Ọjọ́ méjì odindi kò sí.

Mo lọ wo ẹ̀yìn Adelé. Wáyà tó so ó mọ́ ibi tó ti ń gba ìròyìn ti yọ díẹ̀, ìwọ̀n èékánná. Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn ni. Àwọn sún un lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tí wọ́n ń gbọn eruku, wọn kò sì mọ̀ pé ó yọ. Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ bí wọ́n bá dákẹ́. Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ẹ̀bi èmi ni, tí n kò wá ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni fi lè mọ̀. Ojú ń tì mí láti padà sọ́dọ̀ Mètírọ̀n, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, wọ́n kàn dìde, wọ́n sì ní ó dára tó jẹ́ òní ni a rí i. Wọ́n ní kí n pè wọ́n bí mo bá ti ṣe tán.

Mo tan sáfà àkọ́kọ́ padà, mo sì da ohun gbogbo kọ sínú Adelé láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fún àwọn kọ̀ǹpútà nọ́ọ̀sì ní orúkọ kan ṣoṣo tí wọn ó máa pè, bó bá sì ti jẹ́ èyí tó wà lórí ipò, òun ni yóò máa jẹ́ orúkọ náà. Mo wá ṣe ohun kékeré kan sójú ẹ̀rọ tó wà ní yàrá káàdì: bí Adelé bá ń tẹ̀lé èkínní, àmì náà á jẹ́ àwọ̀ ewé, bó bá ti fi ìṣẹ́jú márùn-ún rẹ̀yìn, á pupa. Bàbá mú ìwé kékeré kan, wọ́n fa ìlà sí i. Àràárọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́: ewé, ewé, ewé. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ pupa, wọ́n ti wá mi débi tí mo ti ń jẹun kí n tó bu òkèlè kejì.

A tún un dán wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, níwájú Mètírọ̀n. Nọ́ọ̀sì kan wà lẹ́nu kíkọ orúkọ obìnrin kan sílẹ̀ nígbà tí mo yọ wáyà sáfà. Ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ dúró. Bàbá gbé Adelé sórí ipò. Kí ènìyàn tó mu ife omi kan tán, nọ́ọ̀sì náà ti ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Mètírọ̀n fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n padà sí ọ́fíìsì wọn. Mo gbádùn ọwọ́ yẹn títí mo fi délé.

Mo kọ gbogbo ìgbésẹ̀ náà sí bébà ní èdè Yorùbá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá káàdì. Èyí tí mo fi lẹ́tà ńlá kọ jù nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ rán ẹnìkan lọ yọ wáyà sáfà àkọ́kọ́, kí wọ́n rí wáyà náà lọ́wọ́ onítọ̀hún, kí wọ́n tó fọwọ́ kan Adelé. Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì tún ìkọ̀wé mi ṣe níbi méjì.

Nígbà tí òjò dé lọ́dún náà, mo mú ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan ní Òṣòdì láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. A ṣì wà lórí ìjókòó, oògùn tí wọ́n kán sí ìyá mi lójú kò jẹ́ kí wọ́n ríran dáadáa, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Fóònù mi dún. Bàbá oníkáàdì ni.

"Ìyá Ìbejì, ẹ má dìde o," ni ọ̀rọ̀ àkọ́sọ wọn. "Ti ọ̀hún ti kú. Wáyà rẹ̀ rèé lọ́wọ́ mi. Mo ti gbé Adelé sórí ipò, nọ́ọ̀sì sì ti rí orúkọ gbogbo wọn."

Mo béèrè pé ẹni tó gbẹ̀yìn tí wọ́n kọ kí sáfà tó kú ńkọ́. Wọ́n ní àwọn ti bi nọ́ọ̀sì, ó wà níbẹ̀. Mo ní mò ń bọ̀. Wọ́n ní kí n wá ṣe kí ni? Kí n tọ́jú ìyá mi.

Mo fi fóònù sínú báàgì. Ìyá mi béèrè ẹni tó pè mí, mo ní ibi iṣẹ́ ni. Wọ́n ní ṣé mo gbọ́dọ̀ máa lọ ni. Mo ní rárá. A jókòó títí ojú wọn fi là, a rí dókítà, a ra búrẹ́dì lọ́nà, mo sì mú wọn délé kí n tó gba ibi iṣẹ́ lọ. N kò rántí ìgbà tí mo ti fara balẹ̀ jókòó ti ìyá mi bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó dé ọsibítù. Bẹ́ǹṣì ti ń ṣófo. Nọ́ọ̀sì méjì ni mo bá tí wọ́n ń ṣàròyé, mo sáré súnmọ́ wọn. Fáànù ni wọ́n ń sọ, wọ́n ní afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ sáfà. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mètírọ̀n rí mi, wọ́n béèrè bí ojú ìyá mi ṣe rí, wọ́n sì ní ìrẹsì wà nínú kúlà wọn bí ebi bá ń pa mí.

Omi ló kán láti òkè àjà sára sáfà àkọ́kọ́. Ó gba ọ̀sẹ̀ kan kí a tó rí i tún ṣe. Nígbà tó dé, Bàbá rò pé a ó dá a padà sí ipò rẹ̀. Mo ní kò pọn dandan. Ẹ kàn jẹ́ kí ó máa tẹ̀lé eléyìí. Wọ́n rò ó títí. Wọ́n ní ìyẹn ni pé èyí tó wà lọ́dọ̀ wọn ti jọba, tọ̀hún ló wá di adelé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mú bírò, wọ́n pààrọ̀ orúkọ méjèèjì lórí bébà ara ògiri, ó sì hàn lójú wọn pé inú wọn dùn.

Ní báyìí, Mètírọ̀n fẹ́ kí a ṣe irú rẹ̀ sí ẹ̀ka wa tó wà ní Èjìgbò. Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni èmi àti Bàbá jọ lọ wo ibẹ̀. A wọ kẹ̀kẹ́ gba Òkè-Afá, oòrùn ń ràn díẹ̀díẹ̀. Yàrá méjì ni wọ́n fi hàn wá. Èmi ń wá ibi tí ihò iná wà; Bàbá dúró láàárín yàrá, wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ń wo àjà láti igun dé igun, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mú wa wọlé bóyá ó máa ń jò.